Jemilat àti Àwọn Fọ́nrán tí Kẹ́nẹ̀lì Kò Mọ̀

Ìdí-Òrò ní Mushin ni wọ́n bí Jemilat sí, nínú ilé alájà kan tí bàbá rẹ̀, Yẹ̀kínnì, fi iṣẹ́ wẹ́dà kọ́. Bàbá náà kú nígbà tí ọmọ ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bàṣírátù ìyá rẹ̀ ló fi ẹja yìnyín tọ́ ọ, títù, kòtè àti ṣàwà, tó ń rà ní páálí páálí, tó sì ń tà fún àwọn tí yóò dín in àti àwọn tí yóò yan án. Ojoojúmọ́ ni òórùn ẹja máa ń wà lára aṣọ ìyá yìí, bó ti wù kí ó fọ̀ ọ́ tó. Àwọn ọmọ kíláàsì Jemilat a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ rí.

Ó kàwé nípa kọ̀ǹpútà, ó sì rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kékeré kan ní Yaba, lókè ilé tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Bọ́lárìnwá ni ọ̀gá wọn, ọkùnrin tó mọ bí a ṣe ń wá iṣẹ́ ju bí a ṣe ń ṣe é lọ, tí òun náà sì mọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jemilat àti Jude nìkan ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún un. Àgùdà ní Surulere ni wọ́n bí Jude sí, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ásábà, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Jemilat kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó fẹ́ràn ni kí ètò kéré, kí ó fúyẹ́, kí ó má jẹ ju bó ti yẹ lọ. Jude máa ń sọ pé Jemilat ń kọ ètò bí ẹni tó ń dáná nílé tí kẹrosíìnì ti fẹ́ tán.

Iṣẹ́ kan wá láti Ijora. Alhaji Abdussalam ní ọgbà kan níbẹ̀, tó kún fún àwọn yàrá yìnyín ńláńlá tí àwọn oníṣòwò ń kó ẹja wọn pamọ́ sí. Ó fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa wo bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe tutù sí, tí yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sójú gíláàsì kan bíi ti tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá ọlọ́dẹ, tí yóò sì lu aago bí ibì kankan bá ń gbóná. Ó ti ra bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Yàrá kọ̀ọ̀kan nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ nínú ètò yẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì. Fọ́nrán ni kí á pè é níhìn-ín, torí pé ètò kan ṣoṣo ni, ọ̀pọ̀ fọ́nrán ló wà nínú rẹ̀, oníkálukú ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ló wà láti ní wọn. Nísàlẹ̀ gbogbo kọ̀ǹpútà ni kẹ́nẹ̀lì wà, ọ̀gá tó ń pín àkókò àti irinṣẹ́ fún gbogbo ètò. A lè jẹ́ kí kẹ́nẹ̀lì mọ fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, kí ó máa ṣètò wọn fúnra rẹ̀. Bí ọ̀kan bá dúró de nǹkan, yóò gbé àkókò fún òmíràn. Ṣùgbọ́n irú èyí wúwo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba àyè púpọ̀, gbogbo ìgbà tí a bá sì fẹ́ kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, a gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀nà kejì ni kí ètò máa ṣètò àwọn fọ́nrán rẹ̀ nínú ara rẹ̀, kí kẹ́nẹ̀lì má tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà. Ìyẹn fúyẹ́, ó sì yá. Ewu rẹ̀ ni pé lójú kẹ́nẹ̀lì, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá tọ kẹ́nẹ̀lì lọ tó ní òun ń dúró de nǹkan, gbogbo wọn pátá ni kẹ́nẹ̀lì yóò dá dúró.

Wọ́n jiyàn lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Jude ní, "Èmi ò fẹ́ràn ọ̀nà kọ̀rọ̀ yìí o. Jẹ́ kí kẹ́nẹ̀lì mọ̀ wọ́n, kí ọkàn wa balẹ̀."

"A ti dán an wò, ìwọ náà sì rí i," ni Jemilat fèsì. "Tí kẹ́nẹ̀lì bá mọ̀ wọ́n, bọ́ọ̀dù yẹn ò lè gbé e. Àyè inú ẹ̀ á tán, á kú fin-ín."

"Kí Alhaji ra èyí tó tóbi."

Bọ́lárìnwá tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé dá sí i. "Alhaji ò ní í ra nǹkan kan mọ́. Mo ti bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní èyí táwọn rà yẹn náà, Ọlọ́run ló mọ̀."

Jemilat yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ Jude. "Kí ni fọ́nrán kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe? Kó wo òtútù, kó kọ nọ́ńbà, kó lu aago. Kò sí èyí tó máa dúró de kẹ́nẹ̀lì nínú gbogbo ẹ̀. Tí a ò bá ti fi nǹkan tó ń dúró sí i, kò séwu."

"Tí a ò bá ti fi sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Jude gbà. Ní tòótọ́, ní ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ Jemilat ló tọ̀nà. Bọ́ọ̀dù kékeré náà gbé gbogbo àwọn fọ́nrán yẹn bí ẹni gbé òwú. Wọ́n gbé e lọ sí Ijora, ó sì ń ṣiṣẹ́. Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, kò yẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan tí ilẹ̀kùn yàrá kan kò pa dé, aago lù, ọlọ́dẹ sáré lọ tì í. Alhaji fi ìyẹn yangàn káàkiri.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàṣírátù. Títí di ìgbà náà, ilé yìnyín kékeré kan ní Mushin ló ń kó ẹja rẹ̀ sí, ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ tutù tó, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ni ín jẹ́ èèyàn rẹ̀. Ó kó gbogbo ọjà rẹ̀ lọ sí ọgbà Alhaji. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ló ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, pé ẹ̀rọ náà kì í sùn. Ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e ni Àrínọlá, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ti ń tajà láti ìgbà tí Jemilat ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àwọn yòókù tún tẹ̀ lé Àrínọlá.

Inú Jemilat dùn nígbà tó gbọ́. Ẹ̀rù sì bà á díẹ̀. 

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jude ríṣẹ́ sí Kánádà, ó lọ. Bọ́lárìnwá kò gba ẹlòmíràn. Láàárín ìgbà náà ni Alhaji ránṣẹ́ pé aago nìkan kò tó òun mọ́. Dayọ̀, ọlọ́dẹ rẹ̀, lè wà lẹ́nu géètì kí ó má gbọ́. Òun fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù òun níbikíbi tí òun bá wà. Kí iṣẹ́ náà sì parí kí Iléyá tó dé, nítorí òun fẹ́ lọ lo ọdún nílé.

Jemilat bá ọ̀gá rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n ń bèèrè yìí, ó ní módẹ́ẹ̀mù nínú. Ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni, ó sì máa ń mú èèyàn dúró. Tí mo bá fi sí ètò tó wà níbẹ̀ báyìí, ọjọ́ tí módẹ́ẹ̀mù bá dákẹ́, gbogbo ẹ̀ ló máa dákẹ́. Ká gba bọ́ọ̀dù tuntun, kí n tún ètò yẹn kọ, kí kẹ́nẹ̀lì mọ gbogbo fọ́nrán."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Á kọjá Iléyá."

Bọ́lárìnwá pe Alhaji níṣojú rẹ̀, ó sì gbé ohùn fóònù sókè kí Jemilat náà lè gbọ́. Ohùn Alhaji jáde, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí àgbà. "Nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ láìyẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ wó o tún un kọ́. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ yín ò yé mi. Mo ní kí ẹ fi kiní kékeré kan sí i ni."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, Bọ́lárìnwá wo Jemilat. "Ṣé kò ṣeé fi sí i bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó ṣeé fi sí i. Ìyẹn ni wàhálà tó wà níbẹ̀. Jemilat gbé módẹ́ẹ̀mù kan sórí tábìlì ní Yaba, ó so ó mọ́ ètò, ó rán ọ̀rọ̀ léraléra. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, módẹ́ẹ̀mù ti gbà á, ó ti fi ránṣẹ́. Ìdúró yẹn wà níbẹ̀, ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí fọ́nrán kankan tó kíyè sí i. Ó ní kí ètò kọ́kọ́ rán ọ̀rọ̀, kí ó tó lu aago, nítorí Alhaji fẹ́ kí òun gbọ́ kí ọlọ́dẹ tó gbọ́. Ó fi nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ náà sí i. Ó sọ fún Bọ́lárìnwá pé lẹ́yìn ọdún, bó ti wù kó rí, òun yóò padà tún un ṣe. Bọ́lárìnwá ní ó dáa.

Iléyá dé. Wọ́n ti ọgbà Ijora pa, ó ku Dayọ̀ nìkan. Ní Ìdí-Òrò, Bàṣírátù pa àgbò, wọ́n pín ẹran fún ará ilé àti aládùúgbò. Àrínọlá tí kì í ṣe Mùsùlùmí wá bá wọn jẹun, ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wọn, ó ń sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Láàárín ọ̀rọ̀, ó yíjú sí Jemilat.

"Ìyá mi, ẹja wa ńkọ́ ní Ijora? A ò rí wọn látàná."

Jemilat mú fóònù rẹ̀ wò. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀. "Wọ́n wà pẹ̀sẹ̀, Àǹtí. Tí nǹkan bá ṣe wọ́n ni, fóònù mi á ti dún."

Àrínọlá rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run á máa bá ẹ gbé e o. Ìyá ẹ jèrè."

Ní wákàtí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹja ti ń yọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì tó wọ ọgbà náà, okùn mẹ́ta ni, èyí tí wọ́n ń pè ní féèsì. Ọ̀kan já láàárọ̀ ọjọ́ ọdún. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń mú àwọn yàrá tutù kò lè ṣiṣẹ́ láìsí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n kú. Ṣùgbọ́n gílóòbù ṣì ń tàn, àwọn fáànù ṣì ń yí, ariwo wọn kò jẹ́ kí Dayọ̀ mọ̀ pé ohun kan ti dákẹ́. Yàrá kan kọ́kọ́ gbóná. Fọ́nrán tó ń ṣọ́ ọ rí i, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, kí ó tó kọ nọ́ńbà tuntun, ó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá módẹ́ẹ̀mù. Módẹ́ẹ̀mù ti há, kò gba nǹkan. Fọ́nrán náà dúró dè é lọ́dọ̀ kẹ́nẹ̀lì. Kẹ́nẹ̀lì kò sì mọ̀ pé àwọn yòókù wà. Ó rí ẹnì kan tó ń dúró, ó jẹ́ kí ó dúró. Kò sí fọ́nrán tó lè wo yàrá rẹ̀ mọ́, kò sí èyí tó lè lu aago. Àwọn nọ́ńbà tó wà lójú gíláàsì nígbà náà ló wà níbẹ̀ síbẹ̀, gbogbo wọn fi hàn pé yìnyín dì gbagidi. Dayọ̀ ń wò wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń dúpẹ́.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ìyá Jemilat àti Àrínọlá ló kọ́kọ́ débẹ̀. Jemilat wà ní Yaba nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Jemilat, máa bọ̀ ní Ijora," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì pa fóònù.

Kò tíì dé géètì tí òórùn náà fi pàdé rẹ̀. Omi aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn jáde lábẹ́ àwọn ilẹ̀kùn, ó ń lọ sínú gọ́tà. Àwọn obìnrin dúró káàkiri, àwọn kan jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Páálí ti rọ̀, ẹja tú jáde nínú wọn, wọ́n ti wú, ojú wọn ti funfun.  Ọ̀kan nínú wọn ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tún un kà.

Dayọ̀ rí Jemilat, ó sáré fà á wọ yàrá ọlọ́dẹ. "Àǹtí, ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ wo nọ́ńbà. Ṣé èmi ni mo ṣe é ni?"

Ó wò ó. Kò wo nọ́ńbà. Aago kékeré tó ń sọ àkókò ní igun gíláàsì náà ló wò, tí ó yẹ kí ó máa yí. Ó dúró sórí àárọ̀ ọjọ́ ọdún.  Jemilat ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

"Kì í ṣe ìwọ," ló sọ fún Dayọ̀.

Nígbà tó jáde, Alhaji ti dé láti ìlú rẹ̀. Obìnrin kan tí Jemilat kò mọ̀ rí dìde nílẹ̀, ó bi Bàṣírátù pé, "Ìyá Jemilat, ṣé ọmọ tí ẹ sọ fún wa nìyí?"

Gbogbo wọn yíjú. Ìyá rẹ̀ wò ó.

"Ọmọ mi ni," ló wí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó wá, wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Tírélà ló kó o. Àrínọlá fi páálí ṣàwà kan pamọ́ kí wọ́n má bàa kó o, ó gbé e lọ sílé, ó fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó yan án. Kò ṣeé jẹ. Ó sin ín sẹ́yìn ilé. Láti ọjọ́ yẹn, kò kí Bàṣírátù mọ́. Kò bú u, kò bá a jà. Ó kàn ń kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ṣófo. Nígbà tó ṣe, ó fi ọjà náà sílẹ̀, wọ́n ní ó ń gbá ilé ìwé kan ní Àgùdà.

Alhaji tú gbogbo ẹ̀rọ náà, ó dá bọ́ọ̀dù padà sí Yaba nínú náílọ́nù dúdú. Jemilat gbé e sórí tábìlì. Ó yọ okùn módẹ́ẹ̀mù, ohun gbogbo dúró. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tún dúró. Lẹ́yìn náà ló jókòó tún ètò náà kọ sórí kọ̀ǹpútà tó tóbi, bó ti sọ pé òun yóò ṣe. Kẹ́nẹ̀lì mọ fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó yọ okùn módẹ́ẹ̀mù. Fọ́nrán kan dúró dè é. Gbogbo àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ, nọ́ńbà ń yí, aago ń lù. Ó jẹ́ kí aago náà máa lù títí Bọ́lárìnwá fi jáde wá.

"Pa á, Jemilat."

"Ó ti ń ṣiṣẹ́."

"Mo rí i. Ta la fẹ́ gbé e fún?"

Jemilat pa aago náà. Kí oṣù náà tó parí, Bọ́lárìnwá sọ fún un pé àwọn tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò gbé ìpè òun mọ́, pé òun yóò ti ọ́fíìsì náà pa. Kò bínú sí i. Ó tún fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e délé.

Jude pè láti Kánádà nígbà tó gbọ́. "Ètò yẹn dáa nígbà tí a kọ ọ́. O gbọ́ mi? A jọ yàn án ni. Èmi náà gbà."

"O ti lọ nígbà tí mo fi módẹ́ẹ̀mù sí i."

"Tí mo bá wà níbẹ̀, wọ́n á fipá mú èmi náà ṣe é."

"Ó ṣeé ṣe," ló wí. Kò fẹ́ kí Jude máa tu òun nínú. Ó ṣèlérí pé òun yóò pè é padà, kò sì pè é.

Ìyá rẹ̀ kò bèèrè nǹkan kan títí di ọ̀sán kan tí kò lọ sọ́jà, bí kò ṣe lọ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó dìgbà náà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. "Wá ṣàlàyé kiní yẹn fún mi. Má fi Òyìnbó sí i."

Jemilat jókòó tì í, ó sì ṣàlàyé rẹ̀. Ó sọ ti àwọn tó ń ṣọ́ yàrá, ti ọ̀gá tí kò mọ̀ wọ́n, àti bí ìdúró ẹnì kan ṣe di ìdúró gbogbo wọn. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó yé e.

"Ìwọ mọ̀ ṣáájú pé tí ọ̀kan bá dúró, gbogbo wọn á dúró?"

"Mo mọ̀, Màámi."

"O sì mọ̀ pé ẹja wa wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

Bàṣírátù ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. "Ó dáa," ló wí. Ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá. Jemilat dúró níbẹ̀ kí ó lè jáde wá sọ èyí tó kù, ìbáà ṣe èébú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kírun tán, ó dùbúlẹ̀.

Kí ọdún náà tó parí, ó ní òun fẹ́ padà sí Ìsẹ́yìn, ilé bàbá òun. Ó ní Èkó ti sú òun. Jemilat sìn ín dé Ìdó, níbi tí ó ti wọ ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ. Ó ra omi àti búrẹ́dì fún un, ó gbé e fún un láti ojú fèrèsé. Ìyá rẹ̀ gbà á, ó ṣàdúrà fún un bí ìyá ṣe ń ṣàdúrà fún ọmọ, kò fo ọ̀kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára búrẹ́dì náà.

Jemilat wà ní Ìdí-Òrò síbẹ̀. Ó fi yàrá ìyá rẹ̀ háyà fún tọkọtaya kan. Láàárọ̀, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní títẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà ní Surulere. Àwọn iléeṣẹ́ méjì kan pè é wá fún iṣẹ́ ètò kíkọ, ó sì lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ìbéèrè síwájú rẹ̀, ó mọ ìdáhùn, kò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n, ó jáde. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń pe Ìsẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún un bí òjò ṣe rọ̀ sí àti ẹni tó kú ládùúgbò. Ó máa ń bi í bóyá ó ti jẹun. Kì í bi í léèrè iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu àwọn méjèèjì, ìyá rẹ̀ kì í pa fóònù kíá, Jemilat náà kì í pa á, wọn yóò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ títí kírẹ́díìtì yóò fi tán.